Rẹ́kọ́dà Olórí-Wíwọ́

Ẹni tó jí kásẹ́ẹ̀tì náà kò fọ́ gíláàsì. Kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí àpótí, ó mú ohun tó fẹ́ mú, ó sì tì í padà jẹ́jẹ́. Èmi ò fẹ́ràn olè tó níwà. Olè tó bá fọ́ nǹkan, ojú ló ń kán an, èyí tó bá tilẹ̀kùn padà ti mọ ilé tẹ́lẹ̀.

"Ìyá Ìbéèrè, ẹ gbà mí o," ni olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wí. Bí wọ́n ṣe ń pè mí ní àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn, orúkọ náà sì ti ràn dé ìta. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, awò kan wà lójú ẹ̀, òmíràn wà lórí ẹ̀, síbẹ̀ ó ń wá ẹ̀kẹta nínú àpò. "Òní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀túnla ni ayẹyẹ. A ti pín ìwé ìpè tán. Kí ni mo fẹ́ fi han àwọn àlejò?"

"Ẹ mí síta ná. Kí ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn tí èèyàn fi ń jí i?"

"Eré ni, mà."

Ó fọwọ́ hàn mí. Nínú àpótí gíláàsì náà, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí bọ́tìnnì ẹ̀ ti pọ́n bí eyín amusìgá, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n onígẹdú kan, àti rẹ́kọ́dà dúdú kan lórí aṣọ funfun. Ẹ̀gbẹ́ rẹ́kọ́dà yẹn ni kásẹ́ẹ̀tì wà títí di àná.

"Láyé ìgbà tí mo ń wí yìí," ni olùtọ́jú ń ṣàlàyé, "kọ̀ǹpútà ilé ò ní àwòrán kankan tó ṣe é wò. Ọ̀rọ̀ nìkan ni. Ẹ ó fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rẹ́kọ́dà, á máa han gooro fún ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko, kọ̀ǹpútà á sì máa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ á jáde lójú tẹlifíṣọ̀n pé: 'O wà nínú yàrá kan. Ilẹ̀kùn wà lápá òsì. Kí ni o fẹ́ ṣe?' Ẹ ó wá tẹ èsì yín: 'Ṣí ilẹ̀kùn.' 'Gbé fìtílà.' Kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ."

"Tí mo bá tẹ púpọ̀ ńkọ́?"

"Á ní òun ò gbọ́ ohun tí ẹ wí."

"Ọ̀gá mi gan-an nìyẹn."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní *Ilé Oníyàrá Méjìlá* lorúkọ eré náà. Olè ni ẹni tó bá ń ṣe é. Ó ti kó ẹrù olóhun, ó wá há sínú ilé, ilẹ̀kùn àbájáde ò sì ní ṣí àfi tó bá dá nǹkan kọ̀ọ̀kan padà sí yàrá tó ti mú un. Gbogbo ọmọ ìgbà yẹn ló ṣe é dàgbà. Ẹni tó ṣe é ni gbogbo ayé ń pè ní Baba Eré, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ fi sọ gbọ̀ngàn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Kásẹ́ẹ̀tì tó sọnù yìí ni àkọ́kọ́, ojúlówó, èyí tí ẹni tó ṣe eré náà gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó máa tà á.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Baba Eré, tori òun ló ni gbogbo ẹrù yìí, ó máa ń wá nù wọ́n. Ọ̀kan wà lára ìṣó ní ọ́fíìsì mi."

"Níbi tí gbogbo èèyàn ti lè nà án mú."

Ó wolẹ̀. Ó ní wọn kì í gba àlejò lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó sì ti jáde lọ jẹun lọ́sàn-án àná fún bíi wákàtí kan. Kò tún wo inú àpótí mọ́ títí di àárọ̀ yìí.

"Kí lẹ fẹ́ fi kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe níbi ayẹyẹ?"

"Baba Eré fúnra wọn ló máa tẹ bọ́tìnnì ẹ̀. Lẹ́tà kan ló wá, ẹni tó kọ ọ́ ò forúkọ sí i. Ó ní kí ló dé tí a tẹ́ kásẹ́ẹ̀tì sínú gíláàsì bí òkú, pé kí ẹni tó ṣe é jẹ́ ká gbọ́ ọ. Mo rí i pé àbá gidi ni. Mo sọ fún Baba lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kò burú."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo aṣọ funfun náà dáadáa. Lẹ́bàá rẹ́kọ́dà, mo rí èépá ọ̀dà pupa kan tó ti gbẹ, kò tó orí ìṣáná. Mo bi olùtọ́jú bóyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ń kun èékánná. Ó ní rárá. Mo fi bébà wé e, mo sì jù ú sápò.

Bí Baba Eré ṣe wọlé nìyẹn. Arúgbó gíga, aṣọ ẹ̀ lọ̀ dáadáa, irun ẹ̀ funfun láú.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo mọ olè."

"Ó yá, sà. Ta ni?"

"Ọmọ atẹ̀wé mi àtijọ́. Obìnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, wọ́n ń pè é ní Wáyà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń pariwo kiri pé ìyá òun ló ṣe eré mi. Ẹ bi olùtọ́jú bóyá kò wá síbí lánàá."

Olùtọ́jú fi ìtìjú gbà pé ó wá. Ó wá tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe fún ayẹyẹ. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí olùtọ́jú lọ jẹun.

"Rẹ́kọ́dà yìí ńkọ́, sà?" ni mo bi arúgbó náà, bí ẹni pé mo kàn fẹ́ fi pa ẹnu mi dà.

"Òun ni mo fi gba eré náà sílẹ̀."

"Ẹ ti tún un ṣe rí?"

"Láéláé! Irin iṣẹ́ kankan ò kàn án rí. Bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn ló wà." Ó gbéra sókè. "Ọmọbìnrin yẹn, kí ẹ jẹ́ kó rí màbo."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ.

*

Ṣọ́ọ̀bù Wáyà ò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì dúró, kí ẹ̀kẹta mí lọ. Rédíò kún pẹpẹ dé àjà, ìwé péńpé kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó fi òwú so: orúkọ oníbàárà, ohun tó ń ṣe é, ọjọ́ tó dé. Obìnrin ẹni ọdún méjìlélógójì ni, ó gẹrun mọ́lẹ̀, àpá iná òjé sì wà ní gbogbo ìka ẹ̀.

Sájẹ́ǹtì tó tẹ̀ lé mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé. Oṣù mẹ́sàn-án ló kù kó fẹ̀yìn tì, lójú tiẹ̀, ibi tí a bá kọ́kọ́ dé ni gbogbo ẹjọ́ gbọ́dọ̀ parí sí.

"Rọra o, má fọ́ nǹkan oníǹkan," ni mo wí.

Kò pẹ́ tó fi ké gbàjarè. "Ọ̀gá! Ó tán!"

Ó ti ṣí ibi tí wọ́n ń ki bátìrì sí lẹ́yìn rédíò aláwọ̀ igi kan tó tóbi. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀, ìwé ara ẹ̀ ti pupa, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ orúkọ eré náà sí i.

Wáyà ò sá. Ó kàn tẹjú mọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, omi sì lé ròrò lójú ẹ̀. "Ọwọ́ ìyá mi nìyẹn," ló wí. "Ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá mi nìyẹn."

Sájẹ́ǹtì ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo ní kó jókòó.

"Ṣé o kórìíra Baba Eré?"

"Ẹ tún ń bèèrè? Mo kórìíra ẹ̀ dé ọ̀run, mà."

"Ìwọ lo jí i?"

"Bó bá jẹ́ èmi, ṣé inú rédíò ni màá kó o sí? Ọkàn àyà mi ni màá gbé e lé."

"Sọ tìyá ẹ fún mi."

"Atẹ̀wé ni ní ṣọ́ọ̀bù tí ọkùnrin yẹn ti ń ta kọ̀ǹpútà. Ó yá ọ̀kan wálé. Tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tẹlifíṣọ̀n wa ti di tiẹ̀ nìyẹn, a ò ní wo nǹkan kan mọ́. Èmi ló ń jẹ́ kí n ṣe eré náà wò. Mo mọ yàrá méjèèjìlá kí n tó mọ ìṣirò. Nígbà tó parí, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì àti rẹ́kọ́dà ẹ̀ lọ han ọ̀gá. Ọ̀gá ní kó fi sílẹ̀ ná, kí òun dà á kọ, kí wọ́n jọ tà á. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, eré jáde nínú páálí, ojú ọ̀gá ló wà lára ẹ̀. Ó dá rẹ́kọ́dà padà. Kò dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Ó tún lé ìyá mi níbi iṣẹ́. Ìyá mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́ títí tó fi kú." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni ṣu ló ń gbàgbé, mà. Ẹni kó kì í gbàgbé."

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, èmi ni mo mú ọkùnrin tó ń finá sílé kiri, àmọ́ fọ́tò ọ̀gá mi ló jáde nínú ìwé ìròyìn, ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló sì dì mú nínú fọ́tò náà. Mi ò tíì dárí jì í. Bí ọjọ́ bá dé, màá san án.

Mo tú bébà, mo fi èépá ọ̀dà pupa hàn án. "Kí nìyí?"

Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ibo lẹ ti rí i?"

"Sọ ohun tó jẹ́ ná."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fa rẹ́kọ́dà kan wálẹ̀. "Ẹ wo ihò kékeré yìí. Súkúrúù kan wà nínú ẹ̀ tó di orí rẹ́kọ́dà mú, irin pẹlẹbẹ tó ń ka ohun tó wà lára tépù. Wọ́n máa ń kán ọ̀dà pupa sórí súkúrúù náà kó má bàa yí. Tí orí bá dúró ṣánṣán nígbà tí ẹ gba nǹkan sílẹ̀, orí tó máa kà á gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Tó bá wọ́, èyí tó máa kà á gbọ́dọ̀ wọ́ bákan náà. Bó bá jẹ́ orin, etí èèyàn á ṣì gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ò ní gbà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa tó ṣeré nígbà yẹn fi ní súkúrúdíráfà kékeré kan nílé. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá kọ̀, a ó yí súkúrúù síwá, a ó yí i sẹ́yìn, títí á fi gbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yí i, ọ̀dà pupa á já bọ́."

Mo dìde. Èmi kì í lè ronú lórí ìjókòó.

"Sájẹ́ǹtì, gbọ́ mi. Olè wọlé, ó ṣí àpótí, ohun tó wá jí wà níwájú ẹ̀. Dípò kó mú un sá lọ, ó dúró, ó fi í sínú rẹ́kọ́dà, ó wá ń yí súkúrúù. Irú olè wo nìyẹn?"

"Olè tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà náà dáa," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Olè tó fẹ́ kó gbà níwájú àlejò," ni Wáyà wí, ojú ẹ̀ sì tàn lọ́nà kan tí kò bá mi lára mu. "Kò sì gbà fún un. Kò lè gbà fún un láéláé."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó fi àgbọ̀n júwe pẹpẹ òkè pátápátá. Rẹ́kọ́dà aláwọ̀ fàdákà kan wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti kán, kò sì sí ìwé kankan lára ẹ̀. "Ti ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo jù ú bọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Irin tó gbé orí ẹ̀ ló tẹ̀, kò sí súkúrúù tó lè dé ibi tó wọ́ dé. Gbogbo ohun tí ìyá mi gbà sílẹ̀ lórí ẹ̀, òun nìkan ló lè kà á. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni màá fi tún un ṣe. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò tún un ṣe."

"O ń dúró de ọjọ́ kan."

"Mo ń dúró."

"Ìwọ lo kọ lẹ́tà yẹn sí olùtọ́jú."

Ó gbà pé òun ni. "Mo fẹ́ kó dúró níwájú gbogbo àwọn tó ń yìn ín, kó tẹ bọ́tìnnì, kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Kí n jókòó sẹ́yìn, kí n máa wo ojú ẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìtàn yìí dùn," ni Sájẹ́ǹtì wí, "àmọ́ ibí ni a ti bá ẹrù olè."

Òótọ́ ló sọ. Mo yíjú sí rédíò aláwọ̀ igi náà. Òun náà ò ní ìwé lára. "Ta ló gbé e wá?"

"Mi ò mọ̀. Nígbà tí mo ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dé lánàá, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì níta. Àwọn oníbàárà mi máa ń gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó bá dọ̀la wọ́n á wá sọ ohun tó ń ṣe é. Mi ò tíì ṣí i."

"Ki bátìrì sí i."

Ó ki í. Rédíò náà pariwo orin gèè, Sájẹ́ǹtì sì fò sókè. Kò sí ohun tó ń ṣe é rárá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ìdí ẹ̀: ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin, ó lé ìka méjì.

"Sájẹ́ǹtì, ta ló máa ń gbé ẹni tára ẹ̀ le lọ sílé ìwòsàn?"

Ó ń họrí lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gá mi ni. "Sájẹ́ǹtì kọ ránṣẹ́ pé ẹ ti rí i. Lọ́wọ́ obìnrin náà? Ó parí nìyẹn. Tì í mọ́lé, kí o kọ ìwé ẹ̀ sílẹ̀ fún mi kí n fọwọ́ sí i."

"Ó dáa, sà."

Wáyà ti gbọ́. Ojú ẹ̀ yí padà. "Mà, tí mo bá lọ sẹ́wọ̀n lórí nǹkan ìyá mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yẹn jà wá lólè. Orúkọ ìyá mi ò ní jáde mọ́ láéláé. Ta ló máa gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n gbọ́?"

"Títí di Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Fara dà á. Rẹ́kọ́dà fàdákà yẹn, èmi fúnra mi ni màá gbé e."

*

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ sílé Baba Eré lọ fún un ní ìròyìn ayọ̀. Pálọ̀ ẹ̀ kún fún ife ẹ̀yẹ àti fọ́tò ara ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ gbé omi wá fún mi, ó ní kí n má wo eruku, pé ẹ̀yìn ń dun òun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Eruku gan-an ni mo ń wò. Lórí tábìlì gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú kan wà tó mọ́ kedere láàárín eruku, ó ní igun mẹ́rin. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ wo ìta, mo tẹ́ ọwọ́ sí i. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin, ó lé ìka méjì. Mi ò bèèrè nǹkan kan. Tí Ìyá Ìbéèrè bá ti dákẹ́, ó yẹ kí ẹ̀rù ba èèyàn.

"Inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ la ti bá a, sà. Ó ti wà látìmọ́lé."

"Ṣebí mo sọ fún yín!" Inú ẹ̀ dùn débi tó fi nawọ́ sí mi. "Kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀rí ni báyìí, àbí? Á dáa kó wà ní àgọ́ yín. Kò pọn dandan ká tún máa tẹ̀ ẹ́ lọ́la."

"Èèwọ̀! Ẹ ò ní torí olè pàdánù ọjọ́ yín. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wá."

Ó fa ọwọ́ ẹ̀ padà. Mo yíjú sí ìyàwó. "Mà, ẹ má ṣàìwá o. Ìwájú ni kí ẹ jókòó sí."

*

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ti hewú ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn ọmọ tó ṣe eré náà dàgbà, wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí yàrá tí oníkálukú ti há sí. Ọ̀gá mi jókòó sí iwájú, ó ti múra fọ́tò. Ẹ̀yìn pátápátá ni Wáyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sájẹ́ǹtì, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹnì kan tú itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Kò wò ó.

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì fún Baba Eré. Ó fi í sínú rẹ́kọ́dà dúdú, ó tẹ bọ́tìnnì. Ariwo gooro náà bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn sì hó fún ayọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà kọjá. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣófo. Ó tún un ṣe. Ó tún ṣófo.

Ó nu òógùn ojú. "Ẹ rí i? Olè yẹn ti bà á jẹ́! Ó ti ba iṣẹ́ ayé mi jẹ́!"

"Olè! Olè!" ni wọ́n ń ké mọ́ Wáyà láti gbogbo igun.

"Ẹ fara balẹ̀," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá kásẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́ lóòótọ́." Mo ká aṣọ kúrò lórí rẹ́kọ́dà fàdákà.

Baba Eré rí i, ó di tábìlì mú. "Ibo... ibo lẹ ti rí ìyẹn?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, sà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí!"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ wá ń kólòlò."

Mo ní kí Sájẹ́ǹtì tú Wáyà sílẹ̀. Ó rìn wá síwájú, ó so wáyà, ó fi kásẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì láìwo ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn ló gùn jù láyé mi. Ẹ̀rù bà mí, kí n sòótọ́. Bí kò bá gbà, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn, Wáyà á sì lọ sẹ́wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ jáde: *O wà nínú yàrá kan. Ẹrù olóhun wà lọ́wọ́ rẹ. Kí ni o fẹ́ ṣe?*

Gbọ̀ngàn mì tìtì. Mo dúró kí ariwo rọlẹ̀, mo wá yíjú sí arúgbó náà.

"Ẹ ní rẹ́kọ́dà dúdú yìí lẹ fi gbà á sílẹ̀. Kò lè kà á. Rẹ́kọ́dà atẹ̀wé yín ló kà á, òun nìkan ṣoṣo, tori orí ẹ̀ wọ́. Ẹ ní irin iṣẹ́ ò kan tiyín rí." Mo tú bébà. "Ọ̀dà orí súkúrúù ẹ̀ nìyí. Ẹ gbọ́ pé ẹ máa tẹ̀ ẹ́ níwájú àlejò, ẹ wá dán an wò lọ́jọ́ Ọjọ́rú nígbà tí olùtọ́jú lọ jẹun. Ó kọ̀. Ẹ yí súkúrúù, yí i, yí i, ó kọ̀. Ẹ rí Wáyà lọ́ọ̀ọ́kán, ariwo gbohùngbohùn tó ń tún ṣe ò jẹ́ kó gbọ́ yín, ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ṣófo. Ni ẹ bá fẹ́ fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì."

"Irọ́ ni! Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lẹ ti bá a!"

"Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni. Sájẹ́ǹtì, gbé ohun tí a bá a nínú ẹ̀ sókè kí wọ́n rí i."

Sájẹ́ǹtì gbé rédíò aláwọ̀ igi náà sókè.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ìyàwó Baba Eré ti dìde, ẹ̀yìn ò dùn ún mọ́. "Rédíò mi rèé! Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń wá a! Baálé mi, ṣebí ẹ ní ẹ ò rí i?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Baba Eré yíjú sí ògiri.

Ọ̀gá mi ti dìde, ó ń tún kọ́là ṣe, ó sì ń sún mọ́ oníròyìn. Mo gba iwájú ẹ̀ kọjá. Mo sọ orúkọ mi fún oníròyìn náà, mo tún un sọ, mo sì ní kó kà á padà fún mi. Olùtọ́jú ti gun àga, ó ń tú pátákó tí wọ́n kọ orúkọ Baba Eré sí lára ògiri. Ó bi Wáyà bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìyá ẹ̀.

Wáyà kọ ọ́ fún un, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìka ẹ̀ ń sáré. Ó ń ti yàrá dé yàrá, ó ń gbé fìtílà kalẹ̀, ó ń gbé agboòrùn kalẹ̀, kò tiẹ̀ wo bọ́tìnnì. Nígbà tó yá, ó dúró. *O wà ní yàrá kejìlá. Ohun olóhun kan ló kù lọ́wọ́ rẹ. Kí ni o fẹ́ ṣe?*

Ó dìde, ó fa àga sẹ́yìn. "Baba, ẹ wá jókòó. Ẹ mọ èyí tó kù. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Arúgbó náà wò mí bóyá màá gbà á sílẹ̀. Mo gbójú sókè wo àjà. Àwọn tó ti hewú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ títí tó fi di ohùn kan ṣoṣo: "Dá padà. Dá padà. Dá padà."

Ó jókòó. Ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́: *Dá padà.*

*Ilẹ̀kùn ṣí,* ni kọ̀ǹpútà wí.

Ó ṣí lóòótọ́. Sájẹ́ǹtì ló ṣí i, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó tú lọ́wọ́ Wáyà sì ń mì lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti mú un jáde, mo dúró ti Wáyà níwájú tẹlifíṣọ̀n. "Ṣé ó tó ẹ?"

Ó gbé rẹ́kọ́dà ìyá ẹ̀ mọ́yà. "Kò tó, mà," ló wí. "Àmọ́ ó dùn."